Àwọn Olórin Tí Olùgbọ́ Wọn Gbà Síṣẹ́

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá ń wakọ̀ kó fi ẹnu ka tirẹ̀. Báyìí ni ká ṣe kà á: ení, èjì, ení, èjì, ení, èjì, ẹ̀ta. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti pe "ení" ni kí ẹ pàtẹ́wọ́ sí.

[Àtẹ́wọ́: pá-pa, pá-pa, pá-pa-pa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin.]

Méje ni ohun tí a kà yẹn. Ijó tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wa mọ̀, orí mẹ́rin tàbí mẹ́fà ló ń balẹ̀ sí: a gbé ọ̀tún, òsì tẹ̀lé e, ó sì parí ní déédéé. Méje kì í jẹ́ kó parí bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín, ẹ ó rí i fúnra yín. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ òsì ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn olórin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún nínú irú ìkà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń jẹun nídìí rẹ̀ láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń darí wọn. Bí ìkà yẹn ṣe kan oúnjẹ wọn ni mo wá ṣàlàyé.

Protest the Hero ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ará Whitby ni wọ́n, ìlú kan létí adágún Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà, ní ìlà-oòrùn Toronto. Ọdún 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá. Happy Go Lucky ni wọ́n kọ́kọ́ pe ara wọn, orúkọ tó yẹ ọmọdé. Márùn-ún ni wọ́n nígbà náà: Rody Walker ló ń kọrin, Luke Hoskin àti Tim Millar ń ta gìtá, Arif Mirabdolbaghi ń ta gìtá béèsì, Moe Carlson sì ń lùlù. Kí wọ́n tó pé ọmọ ogún ọdún, wọ́n ti gbé àwo orin kan jáde tí àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ ṣì ń jókòó tì láti tú u palẹ̀.

Orin wọn ni àwọn ènìyàn ń pè ní progressive metal. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni metal ti ṣẹ̀, láàárín ilé-iṣẹ́ irin àti èéfín. Ọdún 1970 ni ẹgbẹ́ Black Sabbath gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ti gé orí ìka méjì dànù lọ́wọ́ ọ̀tún Tony Iommi, ẹni tó ń ta gìtá wọn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn. Ó fi ike ṣe orí ìka fún ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún dẹ okùn gìtá kó lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Okùn tó dẹ̀ a máa dún ní ìsàlẹ̀ ikùn. Bí wọ́n bá wá yí ẹ̀rọ agbóhùnsókè kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ohùn gìtá á ya, á máa kùn bí ayùn tó ń la pákó. Ohùn yẹn ni metal. Ọ̀rọ̀ kejì, progressive, ni wọ́n fi ń pe àwọn olórin tó kọ̀ láti dúró sí ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Rush, ẹgbẹ́ ọlọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Toronto kan náà, gbé àwo kan jáde lọ́dún 1976 tí orin ẹyọ kan gba gbogbo ojú àkọ́kọ́ rẹ̀, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ Whitby ń dàgbà, wọn kò nílò láti wo òkè òkun kí wọ́n tó mọ̀ pé orin lè gùn, kó sì ní ìtàn nínú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló kọ́kọ́ fi orin wọn sí mi létí. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, mo ti yọ nǹkan náà kúrò. Mo ní ṣé ìjà ni wọ́n ń jà ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ohùn wọn sílẹ̀ ná. Ìlù ni kí ẹ tẹ̀lé." Ìmọ̀ràn tó dára jù tí ẹnikẹ́ni ti gbà mí lórí orin nìyẹn. Mo tẹ̀lé ìlù, mo sì ká a mọ́ ibi tí ó ti ń ka méje, tó yà sí márùn-ún, tó padà sí mẹ́fà, tí gìtá méjèèjì kò sì ṣi ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ gbọ́, etí Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ohun tí kò dọ́gba. Ẹ rántí agogo: kóń-kóń-kó-ló-kóń-kó-ló. Ẹ̀ẹ̀meje ni ọ̀pá kan agogo yẹn nínú ìṣísẹ̀ kéékèèké méjìlá, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì dọ́gba. Síbẹ̀ àwọn ìyá wa ń jó sí i láìkà á, nítorí pé àyíká náà kì í yẹ̀: méjìlá ló bẹ̀rẹ̀, méjìlá ni yóò parí, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ibi tí àwọn ará Kánádà yìí ti yàtọ̀ sí tiwa nìyẹn. Àwọn onílù tiwa a máa yí ohun tó wà nínú àyíká, wọ́n á sì jẹ́ kí àyíká dúró. Àwọn ti Protest the Hero ń yí àyíká fúnra rẹ̀. Ó gùn níhìn-ín, ó kúrú lọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí gbólóhùn rẹ̀ kò lè gùn bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ jó sí i gbọ́dọ̀ mọ orin náà tinú-tẹ̀yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ kò ní gbà á láyè. Ìgbà kẹwàá lè gbà.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé òun ló máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó tó ń bọ̀ níwájú. Ẹni tó gbọ́ orin kan lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó yé e ti fi nǹkan sínú rẹ̀. Ó ti di alábàáṣe. Kò rọrùn fún un láti gbàgbé ẹni tó kọ ọ́.

Àwo tí mo ní àwọn àgbà ń jókòó tì yẹn ni Kezia, tó jáde lọ́dún 2005. Ẹni tó bá ka ìwé Jóòbù dé orí tó kẹ́yìn yóò dá orúkọ náà mọ̀. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí Jóòbù bí lẹ́yìn ìdààmú rẹ̀. Nínú àwo yìí, Kezia ni obìnrin kan tí wọ́n ti dá lẹ́bi ikú. Orin mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti àlùfáà tó wà pẹ̀lú rẹ̀, mẹ́ta tó tẹ̀lé e jẹ́ ti wọ́dà tó ń ṣọ́ ọ, mẹ́ta sì jẹ́ ti Kezia fúnra rẹ̀. Orin kẹwàá wá dúró gẹ́gẹ́ bí ohùn àwọn tó ń sọ ìtàn. Arif tó ń ta gìtá béèsì ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó mú mi lọ́kàn ni wọ́dà yẹn. Ó rọrùn fún ọ̀dọ́mọdé láti sọ wọ́dà di ẹranko, kó sì fi gbogbo àánú fún ẹni tó fẹ́ kú. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́dà náà ní ọkàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ ọkàn náà tán. Àlùfáà ní ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà ń mì lọ́wọ́ rẹ̀. A ó ti gbọ́ ẹnu ẹni méjì kí obìnrin náà tó sọ ti ara rẹ̀, nígbà tó bá sì la ẹnu, a ti mọ̀ pé kò sí ẹni tí ìdájọ́ yìí kò pa lára.

Àbùkù rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ibi tí gbólóhùn kan ì bá tó, wọ́n á ki mẹ́ta bọ̀ ọ́, akọrin á sì máa sáré lé ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Mo dárí jì wọ́n. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí ó ní nǹkan láti sọ kì í mọ ohun tí yóò yọ sílẹ̀.

Fortress tẹ̀lé e ní oṣù kìíní ọdún 2008. Ó yára jù, ó le jù, ìtàn ogun Genghis Khan, ọba àwọn Mongol, sì wà nínú rẹ̀. Àwo yìí bọ́ sí ipò kìíní nínú àwọn àwo tó tà jù ní Kánádà ní ọ̀sẹ̀ tó jáde. Ẹ rò ó wò: orin tí ènìyàn kò lè fi ẹsẹ̀ kan jó ló wà lókè orin ìfẹ́ àti orin ijó. Scurrilous jáde lọ́dún 2011, Walker sì gba iṣẹ́ kíkọ ọ̀rọ̀ orin mọ́ra níbẹ̀. Èmi kì í sábà padà sí èyí.

Ọ̀rọ̀ owó wá dé. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde bá gba olórin, yóò san owó ilé ìgbohùnsílẹ̀ fún un ṣáájú. Inú olórin á dùn, á rò pé ẹ̀bùn ni. Gbèsè ni. Inú ìpín tirẹ̀ lórí àwo tó bá tà ni wọn yóò ti máa yọ owó náà padà, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi tán. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè máà tán láé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ilé-iṣẹ́ náà ló sábà máa ń ni àwo náà, olórin kàn kọ ọ́ ni. Ohun tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ metal ni ìrìnàjò: bọ́ọ̀sì kan, ìlú kan lónìí, òmíràn lọ́la, àti ẹ̀wù tí wọ́n tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí láyà, tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Bí akọrin bá ṣàìsàn, tàbí tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, oúnjẹ dúró nìyẹn.

Nígbà tí ọdún 2013 bẹ̀rẹ̀, Protest the Hero kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan mọ́. Wọ́n ní orin tuntun lọ́wọ́, wọn kò ní owó tí wọn yóò fi gbà á sílẹ̀. Wọ́n gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, sí ibi tí wọ́n ń pè ní Indiegogo, níbi tí ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan ti lè sọ iye tí yóò ná an, kí ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan náà wáyé sì san owó sílẹ̀ kó tó wáyé. Ẹni tó san díẹ̀ yóò gba orin náà sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tó san jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò gba àwo tó ṣeé dì mú àti ẹ̀wù. Bó ṣe ń lọ sókè nìyẹn. 125,000 dọ́là ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló gbà kó tó pé. Nígbà tí wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn, ohun tó wà nínú àpótí lé ní 340,000 dọ́là, ó súnmọ́ ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n ní àwọn ń wá.

Mo ti gbọ́ kí àwọn kan pe èyí ní sàráà. Sàráà kọ́. Ẹni tó ṣe sàráà kò retí nǹkan padà lọ́wọ́ ẹni tó fún. Àwọn wọ̀nyí ra ọjà tí kò tíì sí, lọ́wọ́ oníṣẹ́ tí wọ́n mọ ọwọ́ rẹ̀, bí ìyàwó ojú ọ̀nà ṣe ń san owó aṣọ òfì fún ahunṣọ kí òwú tó bọ́ sórí òfì. Orúkọ ahunṣọ ló sanwó lé. Àwọn tó sì ti fi ọ̀pọ̀ oru ka méje àti márùn-ún pẹ̀lú àwọn ọmọ Whitby mọ ọwọ́ wọn dáadáa.

Bí wọ́n ṣe rí owó ni wàhálà mìíràn dé. Moe Carlson, ẹni tó ti ń lùlù láti ìgbà ọmọdé wọn, kúrò láti padà sí ilé ìwé. Ẹgbẹ́ tó gba owó ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ́wọ́, tí kò sì ní onílù! Chris Adler ló wá bá wọn lù ú, ẹni tó ń lùlù fún ẹgbẹ́ Lamb of God láti ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ọ̀kan lára àwọn tí orúkọ wọn wúwo jù nínú metal. Àwo náà, Volition, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2013. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọn, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọba àti òrìṣà wá sí àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Orin kan wà níbẹ̀ lórí òfin ìpínlẹ̀ Ontario tó ka irú ajá kan, pit bull, léèwọ̀ láti ọdún 2005, tó ń dájọ́ ajá nípa ìran rẹ̀ láìwo ìwà rẹ̀. Òmíràn jẹ́ orin ìfẹ́ sí Newfoundland, erékùṣù olókùúta àti oníkùukùu tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Kánádà. Ìfẹ́ ilẹ̀ yẹn dùn débi pé mo lọ wá àwòrán ibẹ̀ wò. Lọ́dún 2014, Volition gba ẹ̀bùn Juno fún àwo metal tó dára jù lọ́dún náà. Juno ni ẹ̀bùn orin tó lókìkí jù ní orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn tó sanwó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013 lè sọ pé àwọn náà gbà á.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Arif náà kúrò. Àwọn tó kù kò padà sábẹ́ ìlànà àtijọ́. Láti ìparí ọdún 2015, wọ́n dán nǹkan mìíràn wò lórí Bandcamp, ibi tí àwọn olórin ti ń ta orin wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, tó sì sanwó lẹ́ẹ̀kan, yóò máa gba orin tuntun kan lóṣooṣù, fún oṣù mẹ́fà. Pacific Myth ni wọ́n pe gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń kọ irú orin wọn. Oṣù kan kì í pẹ́ lọ. Wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á gbà á sílẹ̀, wọ́n á pò ó pọ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́, oṣù tuntun á sì ti lé. Olùgbọ́ kò ṣeé parọ́ fún bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Ó ti sanwó, ó ń ka ọjọ́. Nígbà tí wọ́n kó orin mẹ́fà náà jáde papọ̀ lọ́dún 2016, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ pò. Èmi rí ohun tó dára nínú ìyẹn: wọ́n gbà pé ìkánjú ti fi àmì sí i, wọ́n sì tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́jẹ́ gígùn. Ohùn Rody Walker bàjẹ́. Ẹni tó ń ké, tó ń kọrin òkè, tó ń sáré lé ọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò gbà mọ́. Ó ní láti tún orin kíkọ kọ́, bí ẹni tí kò kọ ọ́ rí. Ọdún 2020 ni àwo tó tẹ̀lé e tó jáde, Palimpsest. Orúkọ náà jẹ́ ti awọ tí àwọn ará àtijọ́ kọ nǹkan sí, tí wọ́n wá họ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kúrò láti kọ òmíràn lé e, tí òjìji èyí tí wọ́n họ ṣì hàn lábẹ́. Ìtàn Amẹ́ríkà ni wọ́n kà nínú rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀: òkè Rushmore, níbi tí wọ́n gbẹ́ orí ààrẹ mẹ́rin sára òkè tí àwọn Lakota, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, kà sí mímọ́, Amelia Earhart, obìnrin awakọ̀ òfuurufú tó sọnù lọ́dún 1937, ọkọ̀ òfuurufú Hindenburg tó jóná lọ́dún yẹn kan náà.

Èyí tó wù mí kí ẹ gbọ́ lónìí ni "All Hands". Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1919, àgbá irin gàgàrà kan bẹ́ ní Boston. Omi ìrèké dúdú tí wọ́n sè títí tó fi ki bí oyin ló wà nínú rẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù méjì gálọ́ọ̀nù. Ó ya wọ ìgboro bí ìgbì òkun, ó wó ilé, ó gbé ẹṣin, ó pa ènìyàn 21, ó sì ṣe nǹkan bí 150 léṣe. Ẹni tó bá gbọ́ ọ fìrí lè rẹ́rìn-ín, pé nǹkan dídùn pa ènìyàn. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Àgbá náà ti ń jò tipẹ́, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà tó jọ àwọ̀ ohun tó ń jò, kí ojú má bàa rí i. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni ẹgbẹ́ náà gbé sórí gìtá. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan kékeré tí kò ní ọ̀rọ̀, "Harborside", tó dúró níwájú rẹ̀ bí ìgbà tí èbúté ṣì dákẹ́ láàárọ̀. Ẹ fetí sí ohùn Walker náà. Ó ti rọ̀ díẹ̀ sí ti àtijọ́, ó sì mọ ìgbà tí yóò mí. Àwọn tó ń dúró dè é fún ọdún mélòó kan ló ń kọ ọ́ fún.

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń ka méje. Mi ò sọ pé méje ni ẹ óò bá níbí. Ẹ wá "ení" rẹ̀ fúnra yín, bí ó bá sì sọnù mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ dúró kí ìlù yí padà, kí ẹ tún mú un.

[Orin wọlé: "Harborside", lẹ́yìn rẹ̀ "All Hands".]